Ìborùn Pupa Létí Odò

Bàtà méjì àti ìborùn pupa kan. Ohun tó ṣẹ́ kù lára Rajwanti nìyẹn, bí àwọn ará ìlú Ratankhedi ṣe wí. Bàtà náà wà létí odò tí ìjọba gbẹ́ láti fi bomi rin oko, ẹsẹ̀ ọ̀tún lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lápá òsì, wọ́n sì ká ìborùn lé e lórí dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ wọlé lọ sùn.

Dharampal, ọlọ́pàá àgbà tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, wo omi náà títí. Ó ń ṣàn kíkankíkan, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọ́n da wàrà sí. Òmùwẹ̀ mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Aago mọ́kànlá ti kọjá báyìí, wọn ò sì rí ju taya ọkọ̀ kan lọ.

"Ọmọ náà ti lọ," ni Dharampal wí, ó sì ṣí fìlà. "Ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó mà ṣe o."

Ọ̀gá rẹ̀ ti lóṣòó ti bàtà, ó ń fi ìka kan yí i síbìí, yí i sọ́hùn-ún. Ìnsípẹ́kítọ̀ Bhateri ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ Bhateri ni "ó tó gẹ́ẹ́." Ọmọbìnrin karùn-ún ni lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi orúkọ náà bẹ Ọlọ́run pé kó má fi obìnrin ta òun lọ́rẹ mọ́. Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo olè àti apààyàn tó wà ní agbègbè Rohtak ló ń sọ pé ìbá dára ká ní Ọlọ́run ti tètè gbọ́ lórí ẹkẹrin.

"Bàbá Dharampal," ni obìnrin náà wí, "ẹni tó fẹ́ lọ kú, ṣé ó máa ń to bàtà báyìí?"

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, màdáámù."

"Hùn," ni Bhateri wí. Dharampal mọ "hùn" yẹn. Ó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kò sì tíì gbọ́ ọ kí ẹnì kan má sùn sí àtìmọ́lé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Rajwanti kò lọ́jú pọ̀ fún ẹni tó mọ agbègbè náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ ní Rohtak. Ibẹ̀ ló ti pàdé Naresh, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tí ó jẹ́ ọmọ Bhagsar, ìlú tó bá Ratankhedi pààlà. Wọ́n fẹ́ra ní kóòtù, tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìran wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ìjọba kò yàn, tí òfin kò mọ̀ rí, tí ìlú méjìlá sì ń bẹ̀rù ju adájọ́ lọ. Wọ́n ní ọmọ ìyá ni Ratankhedi àti Bhagsar láti ayébáyé, pé ọmọ Ratankhedi tó bá fẹ́ ọmọ Bhagsar, arákùnrin rẹ̀ ló fẹ́ yẹn. Wọ́n ní láwàní gbogbo ìran ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ará ilé rẹ̀ fóònù sí Rajwanti pé àìsàn ti dá ìyá rẹ̀ gúnlẹ̀. Ọmọ sáré wálé. Kò padà lọ mọ́.

Ọmọ ìran náà ni Dharampal fúnra rẹ̀. Abẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ló dàgbà sí, ó sì ti máa ń sọ pé àwọn ló mú kí ìlú tòrò. Láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

*

Abẹ́ igi dongoyárò tó wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti bá àwọn àgbà. Wọ́n jókòó lórí ibùsùn onígi tí wọ́n fi okùn hun, húkà, ìkòkò tí wọ́n fi ń fa tábà, ń kù lágbede méjì wọn, wọ́n ń na ọ̀pá rẹ̀ sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Chaudhary Risal Singh, olórí ìgbìmọ̀, kò dìde. Láwàní funfun rẹ̀ tóbi, irun ètè rẹ̀ sì lọ́ sókè bí ìwo ẹfọ̀n.

"Ṣé ọkùnrin ti tán ní tésàn ni?" ó bi Dharampal, kò tilẹ̀ wo ibi tí obìnrin náà dúró sí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bhateri. "Ọmọ ìran wo ni ọ́, ọmọ yìí?"

"Ìran àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni mí, Bàbá," ni Bhateri wí, ó fa ibùsùn kan, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ rí?"

Èéfín há Phool Singh lọ́fun níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀rọ̀ sísọ sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

"Aago méje àárọ̀ la rí i," ni Chaudhary wí. "Àwa mọ́kànlá. Mehar Singh bàbá rẹ̀ jókòó síhìn-ín. Joginder ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọmọ náà gba iwájú wa kọjá, òun nìkan ṣoṣo, ó kọrí sí odò. Ọkùnrin kankan kò tẹ̀ lé e. Kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa."

"Mo ti kọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin mọ́kànlá lẹ wà ńbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó dìde?"

Mehar Singh, bàbá ọmọ, ń wo ilẹ̀.

"A ò mọ̀ pé odò ló fẹ́ bẹ́ sí," ni Chaudhary wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Ìborùn pupa rẹ̀ ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Èyí tó gbé ti ìgboro wá láti fi yọ wá lẹ́nu."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Phool Singh kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ojú wo, ọmọ mi? Ó bojú! Ó fa ìborùn wálẹ̀ dé àyà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, ìgbà kan ṣoṣo tó bọ̀wọ̀ fún àwa àgbà nìyẹn. Ìtìjú ló mú un."

Àwọn yòókù mi orí. Dharampal náà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ta á létí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún yọ́ lọ lọ́kàn rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Bàbá," ni Bhateri wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí ọmọ ń tọrọ ìtàn, "báwo ló ṣe di ìborùn náà mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kí n rí i."

Ìyẹn nìkan ni Phool Singh ń dúró dè. Ó fa aṣọ ìnura èjìká rẹ̀ bo orí, ó fi ìka méjì ya igun rẹ̀ kan níwájú ojú bí ẹnu àlùmọ́gàjí, ó ń fi ojú kan yọjú níbẹ̀, ó sì ń rìn yí húkà po, ó ń ju ìdí. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní, "Phool Singh, màá fẹ́ ọ!"

"Ó fi ìka méjì ṣí ojú kan, ó sì ń rìn lọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò kọsẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ wéréwéré."

Bhateri kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ ju bí ẹ ti rò lọ."

Chaudhary nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí ẹ bá ń wá ẹni tó pa á," ó wí pẹ̀lú sùúrù, "ẹ bi ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọkọ rẹ̀. Wọ́n rí i lórí afárá odò láàárọ̀ yìí. Bóyá òun ló tì í."

*

Naresh kò sá. Tésàn gan-an ló gbà lọ láti aago mẹ́jọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi jíìpù gbé e wá. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka rẹ̀ dúdú fún iṣẹ́ fóònù, ojú rẹ̀ sì ti wú. Ẹ̀yìn jíìpù ni Bhateri ti bi í léèrè.

"O wà lórí afárá láàárọ̀ yìí?"

"Mo wà níbẹ̀, màdáámù."

Dharampal tẹ̀ sétí ọ̀gá rẹ̀. "Màdáámù, ó ti jẹ́wọ́ ìdajì. Ẹ jẹ́ n gba ìdajì tó kù lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Naresh, kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Aago márùn-ún àárọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé láti orí fóònù Rajwanti: *Naresh, wá dúró dè mí lórí afárá ní aago mẹ́fà. Má pè mí.*

"Báyìí ló ṣe máa ń kọ̀wé sí ọ?"

Ọmọkùnrin náà tún ọ̀rọ̀ náà kà. "Rárá. Kì í dárúkọ mi. Ìyàwó ilé wa kankan kì í dárúkọ ọkọ. Ó máa ń... Dókítà Fóònù ló máa ń pè mí." Ó fi apá nu imú. "Ìdùnnú ni kò jẹ́ kí n rò ó. Ta ló wá kọ ọ́?"

"Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí ọ níbẹ̀. Ta ni ìwọ náà rí?"

"Mi ò rí ẹnì kankan. Mo dúró títí aago mẹ́jọ fi lù, kò wá."

"Ronú. Bó tilẹ̀ ṣe ajá."

"Àgbẹ̀ kan kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Ìyàwó ilé kan wá sí etí omi ní nǹkan bí aago méje, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó gba inú oko ìrèké padà sílé. Ó tán."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìyàwó ilé ni?"

Naresh wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè bí ó ṣe mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ẹfọ̀n. "Ó bojú, màdáámù. Ó jìnnà, mi ò sì tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n á ní mò ń wo ìyàwó oníyàwó."

"O rí i tó padà? Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí ọjọ́."

Bhateri tún sọ "hùn." Dharampal rò ó lọ, rò ó bọ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọkùnrin yìí ń pa irọ́ ni, nítorí àgbà mọ́kànlá rí Rajwanti tó ń lọ sí odò ní aago méje, ọmọkùnrin náà sì wà lórí afárá ní aago méje, ó ní òun ò rí i. Ẹnì kan nínú wọn ń purọ́, àwọn àgbà sì pọ̀ ju ẹnì kan lọ.

*

Ilé Mehar Singh kún fún obìnrin. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú àgbàlá, wọ́n ń sunkún lóhùn òkè, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀. Àárín wọn ni Chameli, ìyá Rajwanti, jókòó sí. Òun nìkan ni kò sunkún. Kò sì sí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Bhateri ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó kọjá sí ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Dharampal dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá ní tirẹ̀, nítorí ọkùnrin kì í já wọ àárín àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ó sì wú ikọ́ bí ìwà ọmọlúàbí ti wí, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ń bẹ níbẹ̀.

Bí ó ti wú ikọ́ ni ìyàwó kékeré kan tó gbé ìkòkò omi sórí dúró lójijì. Bimlesh ni, ìyàwó Joginder, kò tíì pé ogún ọdún. Ó fi ọwọ́ kan di ìkòkò mú, ó fi ọwọ́ kejì fa aṣọ orí wálẹ̀ dé àyà, ìka méjì ya igun rẹ̀, ojú kan yọ, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ wéréwéré. Omi kò ta sílẹ̀ rárá. Dharampal wò ó lọ, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ rántí.

Bhateri jáde. Kò mu omi kankan. Nínú jíìpù ló ti tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú Dharampal: eérú wà lórí rẹ̀.

"Ó ṣì gbóná," ni ó wí. "Bàbá Dharampal, òkú wà nílẹ̀, ta ló ń dáná?"

"Kò sẹ́ni tó ń dáná, màdáámù. Títí wọn ó fi sun òkú. Àwọn aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá."

"Wọ́n gbé e wá. Abọ́ mẹ́fà, wọn ò ṣí ìkankan. Ìyá rẹ̀ sì tún dá iná, ó yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ, róòtì jéró kan, ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣì wà lórí àwo irin. Ìyá kan tó mọ̀ pé ọmọ òun ti kú kò ní tan iná. Kò lè tan án. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbà fún un." Ó nu eérú náà mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ tún dá mi lóhùn kan sí i. Àbúrò yín obìnrin tó wà nílé ọkọ, tó bá wá kí yín nílé bàbá yín, ṣé ó máa ń bojú fún àwọn àgbà ibẹ̀?"

"Kí ló dé tó máa bojú? Ọmọ ìlú ni! Àwọn bàbá rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti ìlú mìíràn ló ń bojú fún—"

Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Ó wo ilé Mehar Singh. Ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ wí i tán, Bàbá."

"Kì í ṣe Rajwanti," ni Dharampal wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ọmọ tí wọ́n bí ní Ratankhedi kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìka méjì yẹn, ó tó ọdún kan kí ìyàwó tuntun tó kọ́ ọ. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín!"

"Àwọn mọ́kànlá náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ni yín, wọ́n ti ń bojú fún yín láti ìgbà tí ẹ ti hu irùngbọ̀n, ọ̀wọ̀ nìkan lẹ rí. Èmi ti wà nísàlẹ̀ aṣọ yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ ẹni tó wà ńbẹ̀."

*

Wọ́n pe Bimlesh wá sí jíìpù pé kó wá wo ìborùn bóyá ti Rajwanti ni. Bhateri ní kó fi borí. Ó fi borí. Bhateri ṣẹ́jú sí Dharampal, Dharampal wú ikọ́. Ìka méjì, ojú kan. Bimlesh kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti ṣe é.

"Wò ó, àbúrò mi," ni Bhateri wí. "Ẹni tí àgbà mọ́kànlá rí nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà wó lulẹ̀ sórí ìjókòó. "Wọ́n ní kí n má bojú, ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ní kí n kàn gbé orí sílẹ̀ kí n sáré. Ṣùgbọ́n bí mo ti dé iwájú wọn, tí mo rí láwàní Chaudhary, ọwọ́ mi gòkè fúnra rẹ̀. Aṣọ orí tèmi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fi bojú padà." Ó fi ìborùn pupa náà nu ojú. "Ọkọ mi ní bí mi ò bá ṣe é, èmi ni màá tẹ̀ lé e."

"Níbo ni Rajwanti wà?"

"Mi ò mọ̀. Mo fi ọmọ inú mi búra, wọn ò sọ fún mi. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n ní kí ilẹ̀ ṣú ná."

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni. Nínú oṣù òtútù bẹ́ẹ̀, oòrùn kì í pẹ́ wọ̀.

"Èé ṣe tí wọ́n fi ń dúró de ilẹ̀ kó ṣú?" ni Dharampal bèèrè nígbà tí Bimlesh ti lọ. "Èé ṣe tí wọn ò tíì..."

"Nítorí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n. Ẹ rántí ẹjọ́ èṣí, ní ìlú kejì? Wọ́n fún ọmọ náà lọ́rùn, wọ́n jù ú sódò, wọ́n ní ó bẹ́ sí i. Dókítà ṣí àyà rẹ̀, kò bá omi ńbẹ̀. Èèyàn méje wà lẹ́wọ̀n. Tìtorí náà, èyí gbọ́dọ̀ mu omi kó tó kú. Ọ̀sán kò sì ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ létí odò, àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n kọ́kọ́ pa á lẹ́nu láàárọ̀, kí gbogbo ọkùnrin ilé lè jókòó síwájú ẹlẹ́rìí. Wọ́n á wá pa á lọ́wọ́ lálẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ bàjẹ́, Naresh wà lórí afárá láti ru ẹrù rẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Bí wọn ò bá pe Naresh, ta ni ìbá rí i pé obìnrin náà padà sílé?"

"Oko wọn gbòòrò, màdáámù. Ìrèké ga ju èèyàn lọ. Tí a bá ń wá a kiri, wọ́n á mọ̀, wọ́n á sì tètè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe."

"A ò ní wá a. Wọ́n á mú wa lọ." Bhateri rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. "Ẹ sáré lọ síwájú gbọ̀ngàn, Bàbá. Ẹ pariwo pé àwọn òmùwẹ̀ ti rí òkú obìnrin ní ìsàlẹ̀ odò. Kí ẹbí wá dá a mọ̀."

"Ṣùgbọ́n wọn ò rí nǹkan kan!"

"Ta ló mọ ìyẹn, yàtọ̀ sí àwa? Gbogbo ìlú á sáré sí odò. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ náà ṣì ń mí nìkan ni kò ní sáré síbẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ ta ni òkú náà."

*

Dharampal ti ké pe ọ̀pọ̀ nǹkan láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ké irọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. "Wọ́n ti rí i o! Ní afárá kejì! Wọ́n ti gbé obìnrin jáde nínú omi!"

Ìlú tú. Àwọn obìnrin sọ ẹkún sílẹ̀, àwọn ọmọdé ṣáájú, alágbẹ̀dẹ tẹ̀ lé wọn tòun ti òòlù lọ́wọ́. Phool Singh pàápàá gbá ọ̀pá mú, ó ń tiro lọ. Ṣùgbọ́n Chaudhary Risal Singh jókòó sójú kan, ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò lójú rẹ̀. Ó yíjú sí Joginder, ó mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan. Joginder dìde. Gbogbo ìlú yà sí ọ̀tún. Òun nìkan ló yà sí òsì, ó wọnú ìrèké.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà há, ewé ìrèké ń ya ni lójú. Dharampal kò tíì sáré bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún, ọkàn rẹ̀ ń lù bí ẹ̀rọ ìlọ̀yẹ̀fun, Bhateri sì wà níwájú rẹ̀ tí kò tilẹ̀ mí gúlegúle. Wọ́n yọ sí ilé ẹ̀rọ omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àbà tí wọ́n ń kó ìyàngbò pamọ́ sí fún ẹran ọ̀sìn wà. Joginder ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ wọlé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ìyàngbò sẹ́yìn bí ajá tó ń wá eegun.

"Ṣé ó ṣì wà ńbẹ̀?" ni Bhateri bi í.

Joginder yí padà. Dòjé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè, kò sì tíì pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣá nígbà tí ọ̀pá Dharampal bà á lọ́rùn ọwọ́. Dòjé bọ́. Ọ̀pá kejì kò pọn dandan, ṣùgbọ́n Dharampal fún un, inú rẹ̀ sì dùn.

Rajwanti wà nísàlẹ̀ ìyàngbò, wọ́n dì í lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ègé róòtì jéró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Bhateri tú ẹnu rẹ̀, ó fi itan rẹ̀ gbé orí rẹ̀ ró. Ọmọbìnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀.

"Aago mélòó ló lù?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ.

"Mẹ́rin kọjá díẹ̀."

"Ilẹ̀ ò tíì ṣú," ni Rajwanti wí. Ìgbà náà ló wá bú sẹ́kún. Dharampal yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí tirẹ̀ náà ti ń bọ̀.

*

Àwọn èèyàn ti ń padà bọ̀ láti odò, wọ́n ń bú ọlọ́pàá, nígbà tí jíìpù dúró níwájú gbọ̀ngàn. Rajwanti sọ̀ kalẹ̀. Ìyàngbò kún irun rẹ̀. Naresh dì í ní apá kan mú, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìyá rẹ̀ já gba àárín èrò kọjá, ó ṣubú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún tí kò sun láti òwúrọ̀. Mehar Singh kò gbé ojú sókè. Phool Singh ló wí pé, "Ta ni àwa wá rí láàárọ̀?"

"Rajwanti," ni Bhateri wí, "ta ló pàṣẹ rẹ̀?"

Ó nawọ́ sí Chaudhary. Kò gbé ọwọ́ náà wálẹ̀.

Chaudhary kò jiyàn. "Ọ̀rọ̀ ìran ni," ó wí. "Kò kan ìjọba. A dájọ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń dá a."

"Ẹ máa sọ ìyẹn fún adájọ́ gidi. Ẹ fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí wọn lọ́wọ́."

Dharampal ló sún mọ́ ọn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni irin náà wà. Chaudhary wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo ẹran lọ́jà.

"Dharampal, ọmọ Harphool. Ìwọ ni? Ìran kan náà ni wá. Èmi ni mo parí ìjà ilẹ̀ bàbá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ na ọwọ́."

"Gbọ́ mi dáadáa kí o tó ṣe é. Láti òní lọ, ní ìlú méjìlá, kò sẹ́ni tó máa na húkà sí ọ. Kò sẹ́ni tó máa fún ilé rẹ lómi. O ní ọmọbìnrin méjì nílé tí wọn kò tíì lọ́kọ." Ohùn àgbà náà rọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. "Ta ló máa fẹ́ wọn?"

Ẹ̀rù ba Dharampal. Kò sí ìdí láti fi bò. Ó mọ gbogbo ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ yẹn máa tì mọ́ ọn lójú, láti ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ títí dé kànga tí àwọn bàbá rẹ̀ gbẹ́. Gbogbo ìlú ń wò ó. Ó di ọwọ́ Chaudhary mú, ó pa irin náà dé, ó fà á wò bóyá ó ti mú.

"Ẹni tó bá wù wọ́n ni, Bàbá," ó wí.